Àsíá Tí Mojíre Gbé Sókè

Hàlímàt ju bọ́ọ̀lù sókè, ó fò, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Bọ́ọ̀lù náà ré kọjá àwọ̀n bí òkò, ó balẹ̀ láàárín àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó wà ní ìhà kejì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ará Òkèrèwè tó wá kín Hàlímàt lẹ́yìn hó yèè.

Ní igun pápá, Mojíre di àsíá rẹ̀ mú gírígírí. Òun ni adájọ́ orí ìlà. Rẹfirí àgbà lórí àga gíga kò lè máa rí ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń gbá sáàfù, bọ́ọ̀lù àkọ́gbá. Ojú Mojíre ló gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ọmọ bá tẹ ìlà ẹ̀yìn kó tó gbá bọ́ọ̀lù, Mojíre á ju àsíá lókè orí, á nàka sí ìlà, rẹfirí á sì fọn fèrè.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, rẹfirí àgbà náà, ti pe Mojíre àti Ọlátẹ́jú, igbákejì rẹ̀, sẹ́yìn kíláàsì.

"Alága ẹgbẹ́ àwa rẹfirí ló ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀. Sáàfù ọmọ Òkèrèwè yìí nìkan ló lè bà á jẹ́ fún wọn. Mojíre, tí mo bá ti fọwọ́ kan fìlà mi, gbé àsíá sókè. Ọlátẹ́jú ò ní í bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan."

"Ẹ̀gbọ́n, tí ọmọ náà ò bá tẹ ìlà ńkọ́?" ni Mojíre bi í.

"Ṣé o ṣì fẹ́ kí alága fọwọ́ sí ìgbéga rẹ, àbí o ò fẹ́ mọ́?"

Mojíre mú àsíá rẹ̀, ó lọ sídìí ìlà.

Wàyí o, àmì ti dọ́gba ní abala tó kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tó bá borí ni yóò lọ sí Òṣogbo, níbi tí wọn yóò ti yan àwọn tí ìjọba máa rán lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Hàlímàt tún gba bọ́ọ̀lù. Láoyè fọwọ́ kan fìlà.

Ọmọ náà fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ìlà.

Àsíá lọ sókè. Fèrè dún.

Ìbùkúnọlá, kóòṣì ẹgbẹ́ Òkèrèwè, sáré tọ Ọlátẹ́jú lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ilẹ̀! Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀!"

Ọlátẹ́jú gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹni tó wà nídìí ìlà ló rí i, sà."

Nígbà tí sáàfù tún kan Hàlímàt, ó wo ìlà, ó wo Mojíre, ó fà sẹ́yìn. Ó tún fà sẹ́yìn. Láoyè ò tilẹ̀ nílò fìlà mọ́. Bọ́ọ̀lù náà kọlu àwọ̀n, ó já bọ́ sílẹ̀, ìdíje sì parí síbẹ̀.

Àwọn èèyàn ti ń túká nígbà tí Hàlímàt wá kúnlẹ̀ níwájú Mojíre, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ pé mò ń tẹ ìlà. Kóòṣì ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé kò sí ìdí tí ẹ ó fi purọ́ mọ́ mi. Ibo ni kí n máa dúró sí?"

Mojíre gbójú sókè. Ní òdìkejì pápá, Láoyè ń bọ alága lọ́wọ́, ó ń wo ọ̀dọ̀ wọn.

"Máa fà sẹ́yìn díẹ̀ sí i," ni Mojíre wí, ó sì fi àsíá tọ́ka sí ọ̀ọ́kán, níbi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà."

Hàlímàt mú bọ́ọ̀lù, ó lọ dúró nínú koríko náà, ó gbá a. Ó kọlu àwọ̀n. Ó sáré mú un, ó padà síbi tí wọ́n fi hàn án, ó tún gbá a.