Ìró Kejì

Bí ìbọn ìléwọ́ Tíṣà Mùílì bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ìbọn kékeré ni, ti eré sísá, èyí tí òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé wọn ní Ìsẹ́yìn fi sílẹ̀ nígbà tó ń relé. Ọta rẹ̀ kò ní orí, ariwo lásán ló wà nínú rẹ̀, kò lè pa eṣinṣin. Ṣùgbọ́n lórí pápá eré, ariwo yẹn náà ni gbogbo iṣẹ́. Ìró àkọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọ máa sá lọ. Bí ìró kejì bá tẹ̀ lé e kíákíá, ó ń sọ pé ẹnìkan ti já ṣáájú ìbọn, kí gbogbo wọn padà wá.

Ìró kejì yìí ni kì í wá.

Nínú ọyẹ́ ọdún 1978, níbi ìdíje àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ṣe ní Ṣakí, Àwáwù ọmọ Kòmú, tó yára jù nínú àwọn ọmọbìnrin tí Mùílì ń kọ́ ní eré sísá, tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù ní àárọ̀ kùtù. Ọmọ ilé-ìwé mìíràn já ṣáájú. Mùílì, tó ń yìnbọn fún eré náà, rí i, ó tún fa ìbọn, ìbọn dákẹ́. Àwáwù dúró ní tirẹ̀, nítorí òun náà ti rí ẹni tó já, ó sì mọ òfin. Àwọn yòókù ò wẹ̀yìn, wọ́n sá dé ìdí okùn. Mùílì fọn fèrè títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó, ariwo èrò gbé fèrè mì. Àwọn adájọ́ ní àwọn ò gbọ́ ìró kejì, ohun tí etí àwọn ò sì gbọ́, àwọn ò lè fi dájọ́. Bí Àwáwù ò ṣe bá wọn lọ sí àṣekágbá ìdíje ní Ìbàdàn nìyẹn.

Ó dun ọmọ náà wọra. Nígbà tí ọyẹ́ tún padà dé, tí ìdíje sì kù sí dẹ̀dẹ̀, Mùílì ránṣẹ́ pè é pé kó wá máa gbára dì. Ọdún yẹn gan-an ni yóò jáde nílé-ìwé, ìyá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ gbangba pé tó bá ti jáde, oko àti ọjà ló kù. Bí yóò bá sáré dé Ìbàdàn láyé rẹ̀, àkókò náà ti tó. Àwáwù kúnlẹ̀ kí olùkọ́ rẹ̀ dáadáa.

"Tíṣà, mi ò bá yín jà o," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè sáré sí ìbọn yẹn mọ́."

Mùílì relé, ó gbé ìbọn sórí tábìlì, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ kó jẹ́wọ́.

Ẹ má rò pé kò tíì wá ìdí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mùílì kì í ṣe ẹni tí ohun ìyanu ń kọjá lójú rẹ̀ tí kò ní dá a dúró bi í léèrè. Ó mọ bí ìbọn náà ṣe ń ṣe. Òòlù kékeré inú rẹ̀ á gbá etí ìdí ọta, kì í ṣe àárín, ọta á bú, agbára rẹ̀ á sì ti irin òkè ìbọn sẹ́yìn. Irin náà á tu èèpo ọta dànù, sípíríǹgì á tún ta á padà síwájú, kó lè gbé ọta tuntun wọlé. Ọwọ́ ènìyàn ló ń fi ọta àkọ́kọ́ sí ipò, ìdí nìyẹn tí kò fi kùnà rí. Ìkejì, ìbọn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé e, ibẹ̀ ló sì ń kú sí. Èèpo á há sẹ́nu ọ̀nà, kò ní jáde, kò ní wọlé.

Adétúnjí, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní ọta ló ti gbó, kò lágbára àtiti irin mọ́. Mùílì ra páálí tuntun. Pàbó. Ó fura sí sípíríǹgì, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó fura sí eruku ọyẹ́, ó fi aṣọ tó mọ́ nu gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ará ilé kan ní ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mùílì rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀tá tó bá ń di ìbọn òun láàárọ̀, tó tún ń tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un.

Nítorí ohun tó rú u lójú jù nìyẹn. Lọ́sàn-án, lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ìbọn náà á dún, á tún dún, á tún dún, àwọn adìẹ á tú ká, ará àdúgbò á máa ṣépè. Bó bá di àárọ̀ lórí pápá, yóò dún lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ìbọn kan náà, ọta kan náà, ọwọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ Mùílì nínú bó ṣe ń bí i nínú, débi pé ó ń gbàgbé oúnjẹ lórí rẹ̀.

Gbogbo ìgbà tó bá sì tú ìbọn yìí palẹ̀, kó tó tò ó padà, òrí ló fi ń pa á. Kí ni ì bá tún fi pa á? Ilé ahunṣọ ni wọ́n bí i sí. Nínú ilé wọn, ohun tó bá yẹ kó yọ̀, òrí ni. Ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú sá gba àárín òfì kọjá, òrí ni. Ilẹ̀kùn tó ń han, òrí ni. Gìgísẹ̀ tó là, imú ọmọ tó dí, òrí náà ni. Bí ìbọn bá ti kọṣẹ́, Mùílì á tún bu òrí kún òrí, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé òun ti tọ́jú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ó lọ kí Ràmọ́nì bàbá rẹ̀. Ó bá a nídìí òfì, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá náà ká apá mọ́ra, ó fi ọ̀kọ̀ sábíyá, ó ń sọ̀rọ̀ nípa òwú tó wọ́n. Láti kékeré ni Mùílì ti ń rí bàbá rẹ̀ tó ń fi ọ̀kọ̀ sábíyá bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́, kò sì fìgbà kan béèrè. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló béèrè.

"Bí mo ṣe bá bàbá mi nìyẹn," ni Ràmọ́nì wí. "Tí mi ò bá fi sábíyá, kì í fẹ́ sáré láàárọ̀ ọyẹ́."

Mùílì bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kọ̀ mìíràn tó wà nílẹ̀, èyí tó sun ìta mọ́jú. Ó fi èékánná ha á. Òrí ara rẹ̀ ti dì, ó le, ó funfun, ó ń ṣí bí ìda. Ó gba ti abíyá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó ń yọ̀ tìn-ìn. Ó tún mú ti ilẹ̀. Ó tún mú ti abíyá. Bàbá rẹ̀ bi í bóyá ó fẹ́ padà sídìí òfì ni. Mùílì bú sẹ́rìn-ín, ó dìde, ó gbàgbé àtidágbére.

Nígbà tó délé, oòrùn ò tíì mú. Ó fa irin òkè ìbọn sẹ́yìn pẹ̀lẹ́, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó sì rí i: òrí tó dì, tó dúró ní gbogbo ojú ọ̀nà tí irin ń gbà. Ọ̀sán ló máa ń tú u wò tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yọ́ gbogbo ẹ̀rí náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá tó ń wá. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀. Ó fi kẹrosíìnì fọ ìbọn náà títí kò fi ku òrí kankan nínú rẹ̀, ó bu epo máṣíìnì ìránṣọ Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ díẹ̀ kán sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú òtútù tó ń gbá eyín pọ̀, ìbọn náà dún ní àdúntúndún.

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Àwáwù, láti orí abíyá dé orí kẹrosíìnì. Ọmọ náà fetí sílẹ̀, ó ní òun á sáré. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò sọ pé ó gbàgbọ́.

Ṣakí náà ni wọ́n tún lọ, láàárọ̀ ọyẹ́ náà. Mùílì fi ìbọn sábíyá nínú kóòtù rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òrí nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọbìnrin tò sórí ìlà. Ó na ọwọ́ sókè. Bó ṣe ń fa ìbọn lẹ́nìkan já, kí ìró tó jáde.

Àwáwù ni.

Kò sí adájọ́ tó lè fura. Bí ìbọn bá dákẹ́, ta ni yóò bi Mùílì? Ìdákẹ́ tó gba Ìbàdàn lọ́wọ́ ọmọ yìí lè dá a padà fún un báyìí. Ìka rẹ̀ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa á.

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo wọn dúró, wọ́n padà wá, Àwáwù ló kẹ́yìn. Mùílì kìlọ̀ fún un lójú gbogbo ènìyàn bí òfin ṣe wí, pé bó bá tún já, ó ti jáde nìyẹn. Ọmọ náà dáhùn pé òun gbọ́. Nígbà tí wọ́n tún sáré, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kúrò nílẹ̀ títí gbogbo wọn fi lọ, ó wá ń lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe ipò kejì. Ẹni méjì ni wọ́n ń mú lọ sí Ìbàdàn.

Lẹ́yìn rẹ̀, Mùílì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè ohun tó ṣe é tó fi já, òun tí kò já rí.

"Mo fẹ́ gbọ́ ìró kejì létí ara mi ni, Tíṣà," ni Àwáwù wí. "Tí kò bá dún, ǹ bá tún dúró, bíi ti èṣí."

Oòrùn ti yọ dáadáa nígbà yẹn, ṣùgbọ́n Mùílì tún ti ìbọn bọ abíyá.