Ọjọ́ Tí Àwọn Tíṣà Agbowó Fa Okùn

Ní ọdún 1985, àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba láti Agbowó títí dé Mọníyà fẹ́ ṣe àjọ̀dún. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ni yóò ka ìtàn àti àṣeyọrí rẹ̀ níwájú alábẹ̀wò ẹ̀kọ́. Ìyáàfin Láwùmí Ajíbóyè, ọ̀gá ilé ìwé kan ní Agbowó, bá ránṣẹ́ pe tíṣà Bándélé.

"Ìwọ ni wàá kọ ìtàn wa."

"Ìtàn wo, mà? Ìgbà tí ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wa sílẹ̀. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ ń gbé kíláàsì wa."

"Yọ ewúrẹ́ kúrò. Kọ́ọ̀pù okùn fífà ńkọ́?"

Lóòótọ́, kọ́ọ̀pù kan wà. Yàtọ̀ sí ìwé ìkìlọ̀, òun nìkan ni ilé ìwé náà gbà rí.

Ní ọjọ́ àjọ̀dún, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà fún alábẹ̀wò àti àwọn àlejò pàtàkì. Bándélé gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Lọ́dún 1982, àwọn ọmọ wa fa àwọn ọmọ Mọníyà títí ìdí ṣòkòtò wọn fi ya!"

Alhaji Ṣàkírù Àkànó, ọ̀gá ilé ìwé Mọníyà, fò dìde. "Irọ́ ni! A ò débẹ̀ rárá! Àdúgbò Ṣàngó lọkọ̀ wa ti dẹnu kọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ lẹ fà!"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Láwùmí ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Alhaji, afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn le gan-an ni."

"Ẹ jẹ́ ká wá fà á báyìí!"

Àwọn ọmọ ìgbà náà ti wọ gírámà, nítorí náà àwọn tíṣà ló máa fà á. Láwùmí bọ́ bàtà, ó tún gèlè wé, ó sì di okùn mú níwájú. Alhaji ká agbádá lé èjìká. Fèrè dún.

Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tíṣà Mọníyà. Kíá ni ẹsẹ̀ àwọn ará Agbowó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

"Ẹ má tẹ̀ lé wọn lọ!" Láwùmí pariwo.

Bándélé, tó wà lẹ́yìn pátápátá, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì wé ìdí okùn mọ́ òpó àtíbàbà. Mọníyà fà, okùn ò mira. Wọ́n tún fi gbogbo agbára fà á. Gbàgà! Àtíbàbà dà wó lé alábẹ̀wò àti àwọn àlejò pàtàkì lórí.

Nígbà tó yá, imọ̀ ọ̀pẹ mì, alábẹ̀wò sì rá jáde, ìgò míńírà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́.

"Ta ló borí?" ló béèrè.

Láwùmí wo Bándélé. Bándélé ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò. Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láwùmí gbìyànjú láti pa tirẹ̀ mọ́ra, kò lè ṣe é.

Alábẹ̀wò ní kí ilé ìwé méjèèjì jọ tún àtíbàbà náà pa. Ní Sátidé, Alhaji kó ọparun wá, Láwùmí se àsáró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò àṣewọ gírámà, wọ́n sì fẹnu kò láti jọ máa kọ́ wọn. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún kejì, àwọn tó yege pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láwùmí fúnra rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ fún Alhaji ní Mọníyà. Alhaji bu máńgòrò síwájú rẹ̀, wọ́n sì jọ ń jẹ ẹ́ títí oòrùn fi wọ̀.