Fèrè Tírélà Lára Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Láti ọjọ́ tí tírélà kan ti ti bàbá mi ṣubú sínú gọ́tà tàwọn ti kẹ̀kẹ́ wọn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ gíláàsì ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á fi àkísà wé gíláàsì fèrèsé, wọ́n á fi okùn dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á wá gbé e lọ sílé oníbàárà, lójú títì kan náà tí àwọn tírélà ń gbà bí ẹni pé bàbá wọn ló là á. Ẹ̀gbẹ́ títì yẹn ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà. Bí bíréèkì bá ti han lóde báyìí, ẹsẹ̀ mi ti kúrò lórí máṣíìnì, mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo rán apá ọ̀tún ṣẹ́ẹ̀tì kan mọ́ ibi apá òsì. Oníbàárà mi bi mí bóyá ẹ̀yìn ni òun á máa fi rìn tí òun bá wọ̀ ọ́.

"Bàbá, ẹ jókòó sílé," mo bẹ̀ wọ́n.

"Kí n jókòó kí n máa ṣe kí ni? Kí n máa lé eṣinṣin? Onímọ́tò yẹn ni kò fọn fèrè."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ní ó fọn ọ́n. Èmi gba bàbá mi gbọ́. Mo ní bó bá jẹ́ ariwo ni àwọn onímọ́tò mọ̀, a ó fún wọn ní ariwo. Mo bá ránṣẹ́ sí Wáyà, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe ládùúgbò wa. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Ó gbé fèrè tírélà àlòkù kan dé, ó ki bátìrì sínú apẹ̀rẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́, ó sì ń de bọ́tìnnì mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

"Àǹtí, bí Bàbá bá tẹ èyí, tírélà fúnra rẹ̀ á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní, 'Ẹ máa lọ, ọ̀gá mi.'"

"Máa ṣiṣẹ́ jàre. Ẹnu rẹ ń sáré ju ọwọ́ rẹ lọ."

Bàbá mi lóṣòó nítòsí wa, wọ́n kẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ pọ́tì, amọ̀ tó ń di gíláàsì mú, mọ́ ọ̀kan nínú férémù rẹ̀. Àwọn kò kánjú. Èmi ni ìdúró ò gbà, tí ìjókòó ò gbà. Mo wọlé, mo jáde, mo bá Wáyà di nọ́ọ̀tù mú, mo jù ú nù. "Ṣé ó ti tán? Kò tíì tán?" Wáyà ní kí n lọ jókòó kí òun tó fi wáyà dè mí mọ́ òpó.

Ó wá tẹ̀ ẹ́.

Ariwo náà gba inú mi kọjá. Sísọ́ọ̀sì já bọ́ lọ́wọ́ mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Aládùúgbò wa tó ń fọ aṣọ da omi ọṣẹ sára. Ọmọ ọwọ́ kan tó ti sùn bú sẹ́kún. Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe dá mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀yìn mi ló ń wò.

Bàbá mi kò mira. Pọ́tì ni wọ́n ṣì ń tẹ̀, jẹ́jẹ́, títí dé igun.

"Tún un tẹ̀," mo ní. Ohùn mi ti lọ sílẹ̀.

Ó tún un tẹ̀, ó dì í mú pẹ́. Bàbá mi gbé férémù náà sókè kí wọ́n lè fi ìmọ́lẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, inú gíláàsì yẹn ni wọ́n ti rí wa, èmi, Wáyà àti aládùúgbò, tí gbogbo wa di etí mú. Kíá, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n yíjú sí wa tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ó dún dáadáa! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi létí!"

Wáyà dorí kodò. Irọ́ yẹn dùn mí dọ́kàn. Àṣé mo ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá ni mò ń pa.

Nígbà tí wọ́n kọjú sí iṣẹ́ wọn padà, mo dúró lẹ́yìn wọn gan-an. "Bàbá, ilé ń jó." Wọ́n ń ha pọ́tì kúrò ní èékánná. Mo bá yí síwájú wọn, mo lóṣòó.

"Láti ìgbà wo?"

Ẹnu mi ni wọ́n ń wò. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

"Ó ti ṣe díẹ̀. Etí ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Mo rò pé òsì á dúró tì mí."

"Ẹ sì ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì!"

"Bí mo bá sọ fún ọ, wàá ti kẹ̀kẹ́ mọ́lé. Ìyá mi, bí etí bá lọ, tí kẹ̀kẹ́ tún lọ, kí ló kù tí mo fi ń jẹ́ èèyàn?"

Kí n má parọ́, mo ti ń ro ibi tí ṣéènì àti àgádágodo wà. Mo bú sẹ́kún, ẹkún ìbínú ni. Inú bí mi sí wọn, inú bí mi sí fèrè, inú bí mi sí ara mi. Bàbá mi kò bẹ̀ mí. Wọ́n dìde, wọ́n fa dígí ìwojú kan yọ láàárín àwọn gíláàsì wọn, wọ́n gé e tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi òkúta ra ibi tó mú lára rẹ̀, wọ́n nà án sí Wáyà.

"Bá mi dè é mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Fèrè yẹn, tàwọn onímọ́tò ni. Èyí ni tèmi."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n gbéra. Mo ti búra pé màá jókòó. Ìjókòó kọ̀. Mo jáde tèmi ti téèpù lọ́rùn, mo ń rìn mọ́ ògiri tẹ̀lé wọn bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan. Tírélà kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Kí n pariwo, ta ni yóò gbọ́? Mo káwọ́ lérí. Kó tó sún mọ́ wọn, bàbá mi ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n rọra fún un lọ́nà, ó kọjá. Ìgbà náà ni mo rí i tí wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè, wọn ò wẹ̀yìn, wọ́n ń lé mi bí ẹni ń lé adìẹ.

"Padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ!"

Wọ́n pariwo rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Gbogbo àdúgbò yíjú wò mí.

Mo dúró sójú kan. Mo na ọwọ́ sókè, mo ń jù ú sí wọn títí wọ́n fi yà ní kọ́nà, torí mo mọ̀ pé wọ́n ń wò mí nínú dígí.