Ẹni Tó Ní Kí Ó Pa Á

Láti ọjọ́ tí ọlọ́pàá ti mú Sirajudeen lọ, ara Mùbárákà ìyàwó rẹ̀ kò gba ìjókòó mọ́. Bí ó bá jókòó, á dìde; bí ó bá dìde, á gbàgbé ohun tó dìde fún. Ó gbé omi kaná, ó pa iná náà, ó tún tan án. Ó gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní Oju Ore ní àánú ọkọ ló ń ṣe é, wọ́n ní ìyàwó rere nìyẹn. Ẹnu èèyàn kì í pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Àánú ọkọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń lé obìnrin yìí káàkiri ilé ju àánú lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan gbọ́. Ó ní, "Kí ó pa á."

Wẹ́dà ni Sirajudeen. Géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń ṣe, ìyàwó rẹ̀ sì ń ta òwú, bọ́tìnì àti sípù fún àwọn télọ̀ ní apá kan ṣọ́ọ̀bù náà. Olè wá, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin. Olè tún padà wá, ó kó wáyà ẹ̀rọ wẹ́dà. Ìgbà tó tún dé, apá ti Mùbárákà ló fọ́, ó sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni Sirajudeen fa wáyà láti ibi tí iná ti ń wọlé, ó so ó mọ́ ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ti pa ilẹ̀kùn dé nírọ̀lẹ́, á so ó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tú u. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé kí èèyàn ṣọ́ra. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ládùúgbò.

Tiransifọ́mà wá jóná. Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀tà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ìpàdé onílé, ìpàdé ayálégbé, ìlérí lónìí, ìlérí lọ́la, òkùnkùn ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni Sirajudeen fi ń ṣiṣẹ́. Wáyà ara ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀, kò tú u mọ́. Ta ni yóò máa tú wáyà tí kò ní iná nínú? Ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ilẹ̀kùn yẹn, ewúrẹ́ sì ń fara nù ún. Kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Sirajudeen ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ kírun. Mùbárákà wà lódìkejì títì, níbi tí wọ́n ti ń pọn omi. Lẹ́ẹ̀kan náà ni iná dé. Igbe ta! Àgbà pariwo, ọmọdé pariwo, Mùbárákà náà ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ní òpópónà tiwọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí iná kì í dá ayọ̀ rẹ̀ yọ̀. Ilẹ̀kùn aládùúgbò ló máa ń lù, kí ẹni tó sùn jí, kí ẹni tó wà lẹ́yìn ilé gbọ́. Tẹjúmọ́lá alágbàfọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ló jáde sáré lọ́jọ́ náà. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ti fi ń lọ aṣọ oníbàárà láti ìgbà tí iná ti lọ, eérú ti bo gbogbo ara rẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Ó lu ilẹ̀kùn onígbàjámọ̀, ó lu ti ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ó ń pariwo pé, "Wọ́n ti mú un dé o!" Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí ilẹ̀kùn Sirajudeen.

Mùbárákà rí i. Nígbà tí iná gbé Tẹjú ṣubú, Mùbárákà kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe, torí ó fẹ́ràn eré. Mùbárákà tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò tíì kúrò létí rẹ̀ títí di òní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọlọ́pàá ní kó wá sọ tẹnu rẹ̀, Mùbárákà kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì Lọ́yà Babájídé, tó wà lókè ilé kan nítòsí Toll Gate. Àbúrò Sirajudeen ló bá wọn wá a. Lọ́yà náà kò tíì dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń fara balẹ̀ bá ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n sọ̀rọ̀. Ó fa àga fún un. Mùbárákà dúró sẹ́bàá fèrèsé.

"Mà, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni lọ́yà wí. "Òfin kì í wo ọwọ́ nìkan, ó ń wo inú ọkàn náà. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọwọ́ ọkọ yín ló so wáyà. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé, kí ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń so ó? Ṣé kó dẹ́rù ba olè ni, àbí kí èèyàn kú? Tàbí kẹ̀, ṣé ó mọ̀ pé èèyàn lè kú níbẹ̀, tó sì..."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọkàn Mùbárákà ti lọ. Níbi tó ti gbọ́ "kí èèyàn kú" ló ti dúró. Nísàlẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ ń pe èrò Abẹ́òkúta, wọ́n ń pe èrò Ìyànà Ìpájà, ariwo wọn ń wọlé, ṣùgbọ́n ohùn ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

"Ọkọ yín ti sọ fún wọn pé kó kàn dẹ́rù ba olè ni," lọ́yà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ̀yin náà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

"Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló sọ lọ́jọ́ tó ń so ó ńkọ́?"

"Ẹ ní ó ní òun fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

Lọ́yà wò ó. "Kí ló wá sọ, mà?"

Mùbárákà na ìborùn rẹ̀ dáadáa, ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ yà síbì kan, ó sì ti wà lórí àtẹ̀gùn kí ọkùnrin náà tó dìde. Lọ́yà pè é pé kó má pẹ́ o, pé àgọ́ ọlọ́pàá ni kí wọ́n ti pàdé. 

Ilé Dúpẹ́ ló lọ, opó Tẹjúmọ́lá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ ìdí. Dúpẹ́ jókòó síwájú ilé, ó ń ya aṣọ àwọn oníbàárà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó lè dá a padà fún wọn. Nígbà tó rí Mùbárákà, ó dìde, ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, torí Mùbárákà dàgbà jù ú lọ.

"Ìyá Àmọ̀dá, ẹ wọlé. Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ ti rù o."

Ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí èèyàn sọ fún opó, opó ló wá ń sọ ọ́ fún ìyàwó ẹni tó pa ọkọ rẹ̀. 

"Àwọn ará ilé Tẹjú ń pariwo pé ìpànìyàn ni," Dúpẹ́ wí. "Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣèèyàn níbi, ojú rẹ̀ á fi hàn. Ẹ̀yin àti Bàbá Àmọ̀dá ò mọ̀ọ́mọ̀. Àwa la jọ ń pín omi mu. Bí mo bá gbà pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀, ibo ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sí nínú ara mi? Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀, mà. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn."

Mùbárákà ní kí Ọlọ́run tu gbogbo wọn nínú, ó sì sá jáde, kò tiẹ̀ dúró mu omi tí wọ́n bù fún un.

Lójú ọ̀nà, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Òun kò fẹ́ kí Tẹjúmọ́lá kú. Ó lè fi Kùránì búra. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹnì kan kú. Òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn, bó ti wù kó korò tó. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìyá rẹ̀, tí kò mọ ojú rẹ̀, tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ó ti rí òkú rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tó bá ń to òwú, nígbà tó bá ń fọ àwo. Ó máa ń rí i lójú ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ á sì dùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú òun ń dùn.

Ó rántí ohun tí Alfa wọn máa ń tẹnu mọ́ ní àsàláátù, pé àníyàn ni Ọlọ́run ń wò, pé iṣẹ́ ọwọ́ kò ju ohun tí ọkàn gbèrò lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni lọ́yà náà ní òfin ń wo ọkàn. Bí Ọlọ́run bá ń wo ọkàn, tí òfin náà ń wo ọkàn, ọkàn ta ló wá bà jẹ́? Tòun ni. Sirajudeen kàn fi ọwọ́ ṣe é ni. Bí òun bá lọ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, wọn á gbé ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹni tí kò ni ín, wọn á gbé e fún ẹni tó ni ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tó ń lọ. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó ń sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé kó sáré.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Inspẹ́tọ̀ Ṣótúndé ló wà nídìí ẹjọ́ náà, àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ kò le. Lọ́yà Babájídé ti dé ṣáájú, ó ń nu òógùn. Ó fi ojú sọ fún Mùbárákà pé kó rántí. Mùbárákà kò wo apá ibẹ̀.

"Ìyá Àmọ̀dá," ni Inspẹ́tọ̀ wí, "ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ò jẹ̀bi nǹkan kan lọ́dọ̀ wa. Ẹ kàn sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún wa. Kí ni ọkọ yín sọ lọ́jọ́ tó so wáyà yẹn?"

"Òun kọ́ ló sọ ọ́, sà. Èmi ni."

"Mà," lọ́yà wí.

"Lọ́yà, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti ń dà jáde, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. "Ọkọ mi kò fẹ́ ẹ, sà. Ẹ̀rọ ìyá mi tí wọ́n gbé ló mú mi bínú. Èmi ni mo ní kó so wáyà. Ó ń fi falẹ̀, ó ń fi falẹ̀. Ó gbé wáyà dání, ó dúró. Ó wojú mi, ó ní, 'Mùbárákà, bó bá pa èèyàn ńkọ́?' Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, 'Kí ó pa á.' Ẹnu mi nìyí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi, sà, ó láàánú. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ mú mi."

Lọ́yà Babájídé dijú. Inspẹ́tọ̀ kò kọ nǹkan kan. Ó fi bírò sílẹ̀, ó tún mú un.

"Ẹ tún un sọ fún mi. Kí ni ọkọ yín bi yín?"

"Ó ní, bó bá pa èèyàn ńkọ́." Mùbárákà rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. "Ẹ rí i pé àánú ló ń ṣe é."

"Kó tó so ó mọ́ ilẹ̀kùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wáyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ìyẹn ni pé ó mọ̀ pé ó lè pa èèyàn."

"Ó mọ̀ kẹ̀! Ìdí tó fi béèrè nìyẹn..."

"Lẹ́yìn tó ti mọ̀, ó wá so ó."

 Mùbárákà yíjú sí lọ́yà, lọ́yà ń wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni ohun tí òun ti ṣe tó yé e, ó sì yé e pátápátá, bí omi gbígbóná ṣe ń yé ẹni tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Ó so ó nítorí mi ni, sà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti dín kù.

"Mo gbọ́, ìyá. Màá kọ ìyẹn náà sílẹ̀." Inspẹ́tọ̀ ti ń kọ̀wé. Kò yára, kò sì dúró. "Ó ti ń sọ fún wa látijọ́ pé òun ò mọ̀ pé iná yẹn lágbára tó bẹ́ẹ̀. A sì ti fẹ́ máa gbà á gbọ́. Kò fi ìgbà kankan dárúkọ yín."

Mùbárákà na ọwọ́ sórí tábìlì, ó fẹ́ bo ìwé náà mọ́lẹ̀. "Ẹ pa á rẹ́, sà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ kọ ọ́ pé kò béèrè. Ẹ kọ ọ́ pé kò bi mí ní nǹkan kan, pé ó kàn so ó bẹ́ẹ̀ ni."

Ṣótúndé rọra gbé ọwọ́ obìnrin náà kúrò. Ó ní kó jókòó, pé Mùbárákà náà kò ní lè lọ sílé lónìí.