Àáró Ẹni Mẹ́ta

"Pa wọ́n rẹ́," ni Ọ̀gá Oyèwọlé wí. Dòdò àti ẹyin ló ń jẹ lórí tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀, ìka tó fi ń jẹ ẹ́ náà ló sì fi tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà títí ó fi kàn án. "Gbogbo orúkọ wọ̀nyí. Pa wọ́n rẹ́, kí o fi ẹyọ kan ṣoṣo síbẹ̀."

Fèyísọ́lá wo ibi tí ìka náà kàn. Òróró ti bo orúkọ Najeem, ó ń dán lórí dígí. Orúkọ mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀, wọ́n a sì máa jáde lẹ́sẹẹsẹ nígbàkígbà tí a bá tan ẹ̀rọ náà: àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ prógíráàmù inú rẹ̀, ará Íńdíà kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn tó fi àtúnṣe tirẹ̀ ránṣẹ́, lẹ́yìn náà Najeem, Fèyísọ́lá, àti Oyèwọlé fúnra rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Orúkọ ta ni kí n fi síbẹ̀, sà?" Ó mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Tèmi." Ó lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù?"

Ọdún 1997 nìyí, ṣọ́ọ̀bù náà sì wà lójú ọ̀nà Awo, nílùú Ẹdẹ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni Oyèwọlé ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó di ẹni tí ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fèyísọ́lá ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, tó sì ti ń ṣe òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Okùn tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà mẹ́fà sì ń du ú. Najeem, tí ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tiwọn, ló gba dísíkẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti òkè òkun dé. Bí a bá ki dísíkẹ́ẹ̀tì yẹn bọ inú ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ́fíìsì ti jù nù, ògbólógbòó náà yóò di ẹ̀rọ tí ń pín okùn tẹlifóònù kan fún kọ̀ǹpútà púpọ̀, kí gbogbo wọn lè máa fi lẹ́tà í-meèlì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Najeem sọ ọ́ ní Apínnà. Ìwé kúkúrú kan wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì náà tó sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́, kí ó lò ó. Ẹni tó bá tún un ṣe, kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn rí àtúnṣe náà, kí ó má sì yọ orúkọ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó kọ ọ́ kò mọ Ẹdẹ. Wọn kò mọ̀ pé tẹlifóònù lè kú bí òjò bá ṣú, wọ́n sì rò pé gbogbo ìgbà ni iná mànàmáná máa ń wà. Oṣù mẹ́sàn-án ni Fèyísọ́lá àti Najeem fi kọ́ Apínnà ní ìwà ìlú. Fèyísọ́lá kọ apá tó jẹ́ pé bí tẹlifóònù bá já, ẹ̀rọ náà yóò ní sùúrù, yóò tún pe ilé iṣẹ́ tí ń bá wọn fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní Ìbàdàn, yóò sì máa bá lẹ́tà lọ láti ibi tó dúró sí. Najeem kọ apá tí ń jí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá padà dé. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, inú wọn sì dùn sí i.

Àáró ni wọ́n fi ṣe é. Oyèwọlé gan-an ló dá a lábàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé òun yóò mú tẹlifóònù àti ògbólógbòó kọ̀ǹpútà wá, kí àwọn méjèèjì mú ọpọlọ wá, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣe é kárí ara wọn: Apínnà kan fún ṣọ́ọ̀bù òun, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù Najeem, ọ̀kan fún agboolé Fèyísọ́lá, níbi tí ilé mẹ́ta ti fẹ́ máa pín tẹlifóònù kan kí wọ́n lè máa gbọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Ẹni tí àáró bá kàn ló ń bọ́ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ fún un. Oyèwọlé sì bọ́ wọn, ìrẹsì àti ẹran ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nítorí pé òun ni àgbà. Irú àṣìṣe tí ọmọ tí a kọ́ dáadáa máa ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tó kan Najeem, Oyèwọlé ní epo bẹntiróòlù ti wọ́n jù, òun kò lè máa rìn kiri wá wáyà. Nígbà tó kan Fèyísọ́lá, ó ní ìlú le. Ìlú le lóòótọ́, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìràn mọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ìlú tó le náà kò ní kí ó má jẹ ẹyin.

"Ohun kejì," Oyèwọlé tún wí. "Kápútéènì sọ́jà yẹn ń bọ̀ láti Òṣogbo ní aago mẹ́wàá Mọ́ńdè. Ogún Apínnà ni wọ́n fẹ́ rà fún ọ́fíìsì wọn. Mo fẹ́ kí o ti àgádágodo mọ́ ọn nínú. Bí oṣù méjìlá bá pé, kó dákẹ́. Wọn a wá bẹ̀ wá ká tó ṣí i."

"Kó dákẹ́ bí, sà? Kò ní bàjẹ́, ẹ sì fẹ́ kó dákẹ́?"

"Ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ wà nínú dúrọ́ọ̀ yìí. Òṣìṣẹ́ gidi, láti Mọ́ńdè lọ. Mo gbọ́ pé wọn ò tíì sanwó fún ọkọ rẹ láti oṣù márùn-ún. Ó yẹ kó o dúpẹ́."

Oyèwọlé mọ ibi tí bàtà ti ń ta Fèyísọ́lá lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ ni Ayọ̀bámi ọkọ rẹ̀, gàrí sì ni wọ́n ń mu lálẹ́ láti ìgbà tí owó oṣù ti dáwọ́ dúró. Fèyísọ́lá béèrè pé kí ni àwọn yóò sọ fún Najeem, àti pé àáró òun àti ti Najeem ńkọ́.

Oyèwọlé gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn olè kàn. "Àáró wo? Ọ̀wẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Ẹ wá, ẹ ṣe é, mo sì bọ́ yín. Ìrẹsì oṣù mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ẹran. Ta ló ń bọ́ èèyàn báyẹn nínú ìlú yìí? Ẹni tó bá jẹun ọ̀wẹ̀ ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà rí i lára. Ó kórìíra ẹnu tí ń dán fún òróró yẹn, ó kórìíra eérú sìgá tó wà nínú àwo ẹyin, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gan-an ló kó o nírìíra jù. Ó rántí bí òun ti ń pọ́n ẹran tó kù sínú ọ̀rá, tí òun ń mú un lọ sílé fún Ìrètí ọmọ rẹ̀, tí òun sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí lórí ìkúnlẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń ka ẹran yẹn láti ìgbà náà. Ó yára jáde.

Ní Sátidé, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní Alajue. Àgbẹ̀ ni Bàbá Jacob, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ń ta ewé iṣu mọ́ igi nígbà tó dé bá a. Fèyísọ́lá kò ṣe wàhálà àti ṣàlàyé kọ̀ǹpútà fún un. Iṣẹ́ àáró ẹni mẹ́ta ni ó sọ, ti ẹni tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, tó wá ń pè é ní ọ̀wẹ̀.

Bàbá kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Ta ló gbọ́ nígbà tó pè é ní àáró?"

"Èmi àti Najeem nìkan ni, Bàbá."

"Ó tó." Ó so ewé kan, ó tún mú òmíràn. "Ẹ ò bá a jà?"

"Rárá o. Àgbà ni. Àwọn sọ́jà sì wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Ìyàndá ṣe irú ẹ̀ fún wa rí, ìwọ ò tíì dáyé. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó ní ọ̀wẹ̀ ni. Àwa náà ò bá a jà. A ò kàn lọ mọ́. Kò sẹ́ni tó bá a kọ ebè mọ́ títí ó fi kó kúrò ní Alajue." Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n oúnjẹ yẹn ló fi dè yín. Bó bá ṣì wà níkùn yín, ẹ ò lè sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Fèyísọ́lá gbé dé Ẹdẹ. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó gbé ìrẹsì àti ẹran gbígbẹ tó kù nílé jáde, èyí tí wọ́n ń tọ́jú de ọjọ́ ìbí Ìrètí, ó sì dà wọ́n sínú ìkòkò tán pátá. Ayọ̀bámi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó. Fèyísọ́lá sọ gbogbo ẹ̀ fún un láìwo ojú rẹ̀, ó sì sọ pé iṣẹ́ òun máa lọ sí i. Ọkùnrin náà ní igi kò ní tó, ó sì mú àdá jáde lọ sẹ́yìnkùnlé.

Kápútéènì ti jókòó nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù. Oyèwọlé wọ agbádá nínú ooru, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín. Orí tábìlì rẹ̀ ni Fèyísọ́lá gbé kúlà tó fi gbé ìrẹsì náà wá lé, ó ṣí i, ó gbé abọ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì bó ti yẹ.

Oyèwọlé ní kí ló dé, ṣé kò rí i pé òun ń gba àlejò ni.

"Oúnjẹ yín ni, ọ̀gá. Ìrẹsì yín, pẹ̀lú ẹran. Èyí tí mo rí sè nìyí, mo sì máa mú ìyókù wá ní Sátidé kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé oṣù mẹ́sàn-án. A ti dá oúnjẹ padà, sà. Àáró wa ló kù."

Kápútéènì rẹ́rìn-ín, ó béèrè pé ṣé oúnjẹ ọ̀sán ni. Fèyísọ́lá yíjú sí i, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni prógíráàmù tó wà nínú ẹ̀rọ yìí, pé kò sí àgádágodo nínú rẹ̀, òun kò sì ní fi sí i. Bí ọ́fíìsì wọn bá fẹ́, òun yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún wọn lónìí, ogún dísíkẹ́ẹ̀tì péré ni wọn yóò rà.

Ó ti rò pé inú ọkùnrin náà yóò dùn. Ojú Kápútéènì le. Ó béèrè lọ́wọ́ Oyèwọlé pé ta ni obìnrin yìí, ohùn rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ, ti ẹni tí wọ́n fẹ́ já ẹran gbà lẹ́nu rẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló yé Fèyísọ́lá pé òun nìkan ni kò mọ̀ nínú yàrá náà pé ẹni tí ń rà àti ẹni tí ń tà ti jọ pín in tán kí wọ́n tó pàdé. Ohun ọ̀fẹ́ kò wúlò fún wọn. Kí ni wọ́n máa rí bù jẹ lára ohun ọ̀fẹ́?

Oyèwọlé fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà hàn án láti inú dúrọ́ọ̀, ó fà á ya sí méjì, ó sì ní kí ó jáde. Fèyísọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò fọwọ́ kan Apínnà tó wà níbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bó ti wà, orúkọ mẹ́tàdínlógún náà ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí Oyèwọlé kò mọ bí wọ́n ti ń pa wọ́n rẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Najeem gbé ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tó tún ṣe wá sí agboolé Fèyísọ́lá. Àwọn aládùúgbò ti na wáyà láti ojú fèrèsé dé ojú fèrèsé, Ayọ̀bámi sì wà lórí àkàbà. Gàrí ló kù nílé, gàrí náà ni Fèyísọ́lá sì bu fún ẹni tó wá bá a ṣe àáró, pẹ̀lú ẹ̀pà díẹ̀. Najeem mu ún tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ dáadáa, ó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Orúkọ jáde lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, Najeem dúró.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n yọ ti ọkùnrin yẹn. Ó ń rí mi lára."

"Ó ń rí èmi náà lára. Ṣùgbọ́n ó mú tẹlifóònù wá, ó mú kọ̀ǹpútà wá."

"Ó sì jẹ wá ní àáró méjì."

"Ìdí tá ò fi ní yọ ọ́ nìyẹn," ni Fèyísọ́lá wí. "Ta ló ń pa orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè rẹ́?"

Najeem gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.