Ilẹ̀kùn Ilé Ẹ̀ṣọ́

"Bàbá, ẹ na ọwọ́ yín kí n rí i."

Leonid na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí alágbe. Sójà náà fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó ti yi níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Igi lẹ ń là ni, àbí irin?"

"Igi ni, ọmọ mi. Irin ì bá ti pa mí."

Glafira ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èémí mí. Òun ló fi tipátipá mú un la gbogbo igi yẹn, nítorí ọwọ́ ọmọba ni ọwọ́ ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Leonid. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé ọba ńlá kúrò lórí ìtẹ́ ní Rọ́ṣíà, ìbọn ti kó ìdílé wọn lọ tán, ó ku àwọn méjì yìí. Ilẹ̀ Fínlándì wà ní òdìkejì odò tó ti di yìnyín lẹ́yìn ilé ẹ̀ṣọ́ yìí. Wọ́n sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé àwọn ń lọ gé igi ni.

Glafira ti kọ́ ọ bí a ṣe ń fa tíì mu kó dún, àti bí a ṣe ń fi apá ẹ̀wù nu imú. Imú ló le jù. Leonid ní àwọn baba ńlá òun ṣẹ́gun ilẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fi apá ẹ̀wù nu imú nínú wọn.

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́, ọkùnrin kan tó ti ń hewú, tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, mi orí sí sójà pé kó jẹ́ kí wọ́n lọ.

"Ẹ máa lọ," ni sójà wí.

Leonid rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó jọ̀wọ́ ọwọ́ sílẹ̀, ó ń retí.

Glafira mọ ohun tó ń retí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Leonid, wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún un ni, kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Aṣọ àpò ló wà lẹ́nu ọ̀nà ahéré tí wọ́n sá pamọ́ sí, sójà yìí ló sì tì wọ́n wọlé níbí. Glafira kò rántí kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn.

"Bàbá, kí lẹ ń dúró dè? Ṣé kí ilẹ̀kùn kí yín ni?" Sójà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rìn lọ sídìí ìbọn.

Àga ké lórí pákó. Ọ̀gá ti dìde. Ó fa ilẹ̀kùn, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa gìgísẹ̀ pọ̀, ó tẹrí ba, ó sì wo ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti kékeré nìkan ló lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá?" ni sójà wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Ojú ọ̀gá funfun bíi yìnyín. "Arúgbó ń gbọ̀n, ìwọ ń bá a ṣàwàdà! Ṣé bí o ṣe ń ṣe bàbá tìrẹ nìyẹn? Lọ koná!"

Wọ́n jáde. Lórí odò, Leonid fi ẹnu sún mọ́ etí Glafira.

"Ilé ńlá ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò tẹrí ba tó."

"Ẹ dákun, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ máa rìn."

Glafira wẹ̀yìn. Ọ̀gá ṣì di ilẹ̀kùn mú gbayawu, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn rẹ̀, sójà dúró, ó ń wo ọ̀gá rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Glafira ti rò pé àwọn nìkan ni adìẹ.

Igi Fínlándì ti ń hàn níwájú. Ṣùgbọ́n fún ọ̀gá yẹn, kò sí odò kankan tó lè sọdá.