Wàrà Tí Sìkírátù Kò Jẹ

Ó ti tó ọdún méjì tí Sìkírátù ti ń jí láàárọ̀ bí ẹni tó fi gbogbo òru ru sìmẹ́ǹtì. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe oyún, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Obìnrin tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti Bàrígà dé Bajulaiye lójoojúmọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, òun náà ló wá di ẹni tó ń wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, tí yóò jókòó sinmi, kó tó wọ ìkejì.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó. Ní ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Àkànbí ní Bajulaiye, òun àti Mojíbọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń kó ojú ìwé jọ. Bí ẹ̀rọ bá ti tẹ ìwé tán, wọn á tò ó ní òkìtì-òkìtì yí tábìlì gígùn kan ká. Àwọn méjèèjì á máa yí tábìlì náà po, wọn á máa mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí òkìtì kọ̀ọ̀kan, títí odindi ìwé kan á fi pé sí wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà tí bàbá Faridah, ọkọ Sìkírátù, ti kú, ìdí tábìlì yẹn ló ti ń rẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bó bá ti yí i po nígbà ọgbọ̀n, ojú rẹ̀ á ṣú, á di etí tábìlì mú gírígírí.

Ọ̀gá Àkànbí kì í ṣe èèyàn burúkú. Iṣẹ́ ló gbé e wá sí Ṣómólú láti Ìsẹ́yìn, iṣẹ́ nìkan ló sì mọ̀. Ó pè é lọ́jọ́ kan.

"Ìyá Faridah, ẹ má bínú o. Iṣẹ́ ìwé kéwú kan ń bọ̀ lóṣù méjì sí i, ẹgbẹ̀rún méjì ìwé, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún wa. Tẹ́ ẹ bá lè bá wa kó o jọ tán, ó dáa. Tí kò bá ṣeé ṣe, Òkìkíọlá tó wà ní Fola Agoro ti ní òun máa wá gba ààyè yín. Ẹ ó wá lọ máa sinmi nílé."

Sinmi nílé! Sìkírátù ronú ilé náà: yàrá kan, fèrèsé kan, Faridah ọmọ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, màá kó o." Kò mọ bó ṣe máa ṣe é.

Ọsibítù ìjọba ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà sọ fún un pé àárẹ̀ kan wà tó máa ń pẹ́ lára, kó máa fi ìwọ̀n ṣiṣẹ́. Sìkírátù ò fẹ́ ìwọ̀n, oògùn ló fẹ́. Ló bá yà sí ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé àwọn ń fi ẹ̀jẹ̀ mọ oúnjẹ tí ara èèyàn kọ̀. Wọ́n gún un níka. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, wọ́n fún un ní ìwé tí oúnjẹ mẹ́rìnlélógún wà nínú rẹ̀, pé kó má fẹnu kan ọ̀kankan, gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Sìkírátù mọ Yorùbá kà dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì yé e tó. Faridah, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló jókòó tú u sórí bébà. Ọmọ náà kórìíra àmúlùmálà, Yorùbá tó jinlẹ̀ ló fi kọ ọ́: àlìkámà, àgbàdo, ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀pà, ata rodo, wàrà màlúù, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ó ku méjì tí kò rí orúkọ fún, ẹja kan tó ń gbé inú omi tútù nílùú òyìnbó, àti èso kan tó nírun lára.

"Ẹja òyìnbó yẹn àti èso onírun yẹn," Sìkírátù sọ, "mo ti jáwọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni mo ti jáwọ́."

Ẹ̀rín pa Faridah. "Mọ́mì, ó ku méjìlélógún nìyẹn."

Nínú gbogbo rẹ̀, wàrà ló dùn ún jù. Obìnrin Fúlàní kan máa ń gbé e kọjá níwájú ilé ìtẹ̀wé, wàrà díndín, tó pọ́n lẹ́yìn, tó funfun nínú. Sìkírátù ló máa ń kọ́kọ́ pè é tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bó bá ti rí i lókèèrè, á kọjú sí ògiri. "Máa lọ, àbúrò mi. Wọ́n ti kọ̀wé yà wá."

Ó wá ku iṣu, ìrẹsì, ẹ̀fọ́ tí kò láta àti ẹja. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti sú u. Kó lè rí okun díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í po tíì tó ki, mílíìkì alápò méjì nínú ife kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Dípò kí ara rẹ̀ yá, ńṣe ni búbà rẹ̀ ń tú lára rẹ̀, tí àárẹ̀ náà sì ń le sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí wọ́n ti jókòó lórí ìdì bébà, Mojíbọ́lá gbé etí sókè.

"Ìyá Faridah, ikùn ta ló ń ké yẹn?"

"Tèmi ni. Ebi ni."

"Ebi kọ́. Ebi kì í lu ìlù báyìí. Kí lo dà sínú tíì yẹn?"

"Mílíìkì."

"Mílíìkì kẹ̀! Ṣé wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé ẹ ni?"

"Níbo? Wàrà ni wọ́n ní kí n má jẹ." Sìkírátù fa bébà Faridah yọ nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. "Kà á fúnra ẹ. Wàrà màlúù. Mi ò sì tíì jẹ wàrà láti ọjọ́ náà, Ọlọ́run ń gbọ́."

Mojíbọ́lá wo bébà, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Kí ni wọ́n fi ń ṣe mílíìkì?"

"Páúdà ni."

"Kí ni wọ́n fi ṣe páúdà náà?"

"Èmi ò bá wọn dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é."

Mojíbọ́lá mú àpò mílíìkì náà, ó nà án síwájú rẹ̀. "Kí ni wọ́n yà síbí?"

"Màlúù."

"Ẹ̀n-ẹ́n!"

"Ẹ̀n-ẹ́n kí ni? Tí wọ́n bá ya kìnnìún sára ìṣáná, ṣé kìnnìún ló wà nínú ìṣáná?"

Mojíbọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi ré bọ́ lórí ìdì bébà. Ọ̀gá Àkànbí pa ẹ̀rọ, ó sáré jáde, ó rò pé nǹkan ti wó lu ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, òun náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá iṣẹ́.

"Ìyá Faridah, tí íńkì kan bá ń ba iṣẹ́ jẹ́, ṣé gbogbo íńkì ni mo máa fọ̀ kúrò lẹ́rọ? Ẹyọ kan ni màá yọ. Màá tẹ̀ ẹ́ wò. Tí kì í bá ṣe òun, màá dá a padà, màá yọ òmíràn. Ẹ̀yin fọ gbogbo ẹ̀ kúrò, ẹ wá fi èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Sìkírátù létí ju ti dókítà lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó kó ìwé méjèèjì lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ sọ fún un pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè fi ìdí ohun tó ń dà á láàmú múlẹ̀, pé ebi pàápàá ń dá kún àárẹ̀ rẹ̀. Kó yọ mílíìkì nìkan ná, kó máa dá àwọn yòókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kó sì máa kọ bó ṣe rí sílẹ̀. "Ní ti iṣẹ́, ìyá," obìnrin náà fi kún un, "ẹ máa sinmi kó tó rẹ̀ yín, kì í ṣe ìgbà tó bá rẹ̀ yín tán."

Ẹ̀yìn bébà tó bàjẹ́ lẹ́rọ ni Sìkírátù ń kọ ọ́ sí. *Ẹ̀wà: ó dáa. Mo jẹ abọ́ méjì. Ẹyin: kò sí wàhálà. Ata rodo: mo sunkún, ẹkún ayọ̀ ni.* Nígbà tó yá, ó mu ife mílíìkì kan láti fi dán ara rẹ̀ wò, bí nọ́ọ̀sì ti ní kó ṣe. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ikùn rẹ̀ ti dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀, ó sì sùn ọjọ́ méjì gbáko. Ó mú bíró: *Wàrà àti mílíìkì: ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.*

Àárẹ̀ náà ò kúrò tán o. Ṣùgbọ́n ó ti ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Iṣẹ́ ìwé kéwú dé. Apá ọ̀tún ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti máa yí tábìlì po sí òdìkejì. Mojíbọ́lá, ìyá Tóbi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, kọ lu Sìkírátù nígbà mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kìíní.

"Ẹ̀yin Mùsùlùmí yìí, òòyì ń kọ́ mi o!"

"Máa bọ̀, Ìyá Tóbi. Ìgbà tóo bá fi máa parí ẹ̀, wàá ti mọ Fátíhà."

Sìkírátù gbé àpótí ìjókòó kan sí ìdí tábìlì. Ó yí i po nígbà ogún, ó jókòó. Ó tún yí i po nígbà ogún, ó tún jókòó. Ọ̀gá Àkànbí ń fi igun ojú wò ó láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ìyá Faridah, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?"

"Kò tíì rẹ̀ mí, Ọ̀gá. Ìdí tí mo fi jókòó nìyẹn."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ogún-ogún. Nígbà tó di Àlàmísì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ó sì dín in kù sí mẹ́wàá-mẹ́wàá láìtijú. Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, òkìtì méjìlá ti tán lórí tábìlì, ìwé tó gbẹ̀yìn sì wà lọ́wọ́ Sìkírátù. Ó tì í gún régé, ó gbé e lé orí àwọn yòókù. Mojíbọ́lá fi ọwọ́ lu tábìlì òfìfo náà bí ẹni ń lu ìdí ọmọ tó ṣe dáadáa.

Ọ̀gá Àkànbí mú fóònù, ó pe Òkìkíọlá níṣojú wọn. "Kò sí ààyè mọ́ o. Ẹni tó ni ín ṣì wà níbẹ̀." Ó yíjú sí wọn. "Iṣẹ́ kàlẹ́ńdà bẹ̀rẹ̀ ní Àtìní. Ẹ̀yin méjèèjì."

"Màá wá ní Àtìní," Sìkírátù dáhùn. "Màá wá ní Àtàláátà. Mi ò ní wá ní Àlàrùbá."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe ní Àlàrùbá?"

"Màá sùn."

Ọ̀gá Àkànbí la ẹnu. Ó wo ẹgbẹ̀rún méjì ìwé tó tò síwájú rẹ̀, ó pa ẹnu dé. "Àlàrùbá yìí nìkan?"

"Gbogbo Àlàrùbá. Tẹ́ ẹ bá sì tún bi mí, màá fi Sátidé kún un."

"Ọ̀gá, ẹ tètè gbà o," Mojíbọ́lá sọ.

Ọkùnrin náà mú bíró, ó kọ ọ́ sára ògiri níbi tó máa ń kọ ọjọ́ iṣẹ́ sí: *Àlàrùbá, Ìyá Faridah ò sí.* Sìkírátù sún mọ́ ọn, ó kà á sókè ketekete, ó ní ó dáa.

"Èmi náà ńkọ́?" Mojíbọ́lá béèrè. "Ẹ bá mi kọ Àlàmísì."

"Kí ló ń ṣe ẹ̀yin?"

"Kò tíì sí nǹkan kan. Mo fẹ́ kó bá mi lórí ìjókòó ni."

Ọ̀gá Àkànbí ti bíró rẹ̀ bọ àpò. Ó lọ tan ẹ̀rọ.